Máìkì wo ni kí n rà fún gbígba orin sílẹ̀ nínú ilé, ṣé dandan sì ni preamp?

Akọrin Mọ̀ọ̀rẹ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ilé-Ifẹ̀ ni mo ń gbé, ní àdúgbò Mọ̀ọ̀rẹ̀, mo sì fẹ́ máa gba orin àti ewì mi sílẹ̀ nínú yàrá dípò kí n máa sanwó sítúdíò ní gbogbo ìgbà. Yàrá náà kò tóbi, táìsì ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, páànù ló wà lórí rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kò sì jìnnà sí fèrèsé. Ẹni tó ń ta irinṣẹ́ orin ní kí n ra máìkì Shure SM7B, kí n sì ra preamp kún un, ṣùgbọ́n owó méjèèjì ju agbára mi lọ. Ṣé dandan ni preamp yìí? Ṣé condenser, irú máìkì tó máa ń gbọ́ ohun kéékèèké dáadáa, kò sì ní dára jù fún ohùn obìnrin tó rọ̀?

Bàbá Ìjẹ̀ṣà:
Àbúrò, má ra preamp lọ́tọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó gbé iná kékeré tó ń ti inú máìkì jáde sókè títí kọ̀ǹpútà yóò fi rí i lò, bẹ́ẹ̀ ó ti wà nínú interface (àpótí kékeré tó ń gbé ohùn wọ kọ̀ǹpútà) èyíkéyìí tó ní ojú XLR tí okùn máìkì ń wọ̀, tí a ń fi okùn USB so mọ́ láptọ́ọ̀pù. Ohun tó yẹ kó o wò ni bí iná tí máìkì ń gbé jáde ṣe lágbára tó. Tí ohùn kan náà bá bá wọn, ní ìwọ̀n 94 dB tí wọ́n fi ń dán máìkì wò, SM7B kò mú ju nǹkan bíi millivolt 1.1 wá, SM58 tí Shure kan náà ṣe á mú nǹkan bíi 1.9 wá, Audio-Technica AT2020 tó jẹ́ condenser á sì mú nǹkan bíi 14 wá. Ìdí nìyẹn tí SM7B fi ń fẹ́ ìgbésókè tó tó 60 dB, tí ọlọ́jà sì fi ń rí preamp tà lé e. Ìgbésókè inú interface Focusrite Scarlett 2i2 ìran kẹta mọ sí 56 dB, ṣùgbọ́n ìran kẹrin dé 69 dB, ìyẹn sì tó SM7B láìfi nǹkan kan sí àárín.

SM58 ni mo máa rà ní ipò rẹ. Láti 1966 ló ti wà lọ́jà, kò nílò phantom power, ìyẹn iná tí interface ń fi ránṣẹ́ sí máìkì gba inú okùn, kì í sì í gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dáadáa. Nítorí náà, kọ ẹ̀yìn máìkì sí fèrèsé tí jẹnẹrétọ̀ wà, kí o sì ta bùláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn sí ẹ̀yìn ara rẹ, torí ibẹ̀ ni ojú máìkì ń wò. Ayédèrú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà o. Gbé e sórí òṣùwọ̀n kí o tó sanwó, ojúlówó wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 298.

Ẹlẹ́wì Ìṣokùn:
Mo júbà Bàbá, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn tán. Nínú ewì, bí ohùn ṣe ń rọ̀ wálẹ̀ àti bí èémí ṣe ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ wà lára adùn rẹ̀, condenser ló sì ń mú irú nǹkan kéékèèké bẹ́ẹ̀ jáde jù. Bí arábìnrin bá lè dúró di òru, nígbà tí gbogbo àdúgbò bá ti pa jẹnẹrétọ̀, AT2020 á ṣe é lóore. Ariwo tí máìkì náà fúnra rẹ̀ ń dá jẹ́ 20 dB. Ti Rode NT1, condenser mìíràn, kò tó 5, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé abẹ́ páànù kò ní gbọ́ ìyàtọ̀ náà. Kí ẹ rí i dájú pé interface yín ní phantom power 48V, torí condenser kò ní ṣiṣẹ́ láìsí i. Nígbà òjò, ẹ tọ́jú máìkì sínú àpò rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìdì kékeré tó ń fa ọ̀rinrin, irú èyí tí a máa ń bá nínú páálí bàtà tuntun, nítorí ọ̀rinrin kì í bá condenser rẹ́.

Oníná Lágeré:
Ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ: ẹ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù kúrò kí ẹ tó kọrin. Interface kékeré ń gba volt 5 láti ojú USB, bátìrì láptọ́ọ̀pù sì tó o. Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo tó ń kùn lábẹ́ ohùn, tó sì dákẹ́ bí ẹ ṣe yọ ṣájà, ẹ má bú máìkì tàbí preamp. Ṣájà tàbí wáyà ilé tí kò ní earth ló ń fà á.

Akọrin Mọ̀ọ̀rẹ̀:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Òru kò rọrùn fún mi nítorí ọmọ tó ń sùn nínú yàrá kejì, nítorí náà SM58 àti interface ni màá rà. Báwo ni kí ẹnu mi ṣe jìnnà sí i tó?

Bàbá Ìjẹ̀ṣà:
Bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n ìka mẹ́rin tí a tò pọ̀. Bí o bá sún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohùn á wúwo nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ kò sì ní yé ni mọ́; bí o bá jìnnà sí i, yàrá ló máa gbọ́. Yí ojú máìkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí atẹ́gùn ẹnu má baà lù ú nígbà tí o bá pe b tàbí f. Yan 24-bit nínú ètò tí o fi ń gba ohùn sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kọ orin náà níbi tó ti le jù lọ, kí o sì yí gain, bọ́tìnì ìgbésókè lórí interface, títí ibẹ̀ yóò fi dúró ní nǹkan bíi -12 dB lórí òṣùwọ̀n ohùn inú ètò náà.