Ẹja Oscar méjì ló wà nínú táńkì mi, ẹja wo ni mo lè kó tì wọ́n tí wọn ò ní gbé mì?

Ọmọ Ọbáńtokò:

Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin ará wa, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ẹja inú gíláàsì ní Abẹ́òkúta níbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó náwó. Mo ní táńkì kan ní pálọ̀, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ni gígùn ẹ̀, ẹsẹ̀ kan ààbọ̀ ni fífẹ̀, ẹsẹ̀ kan ààbọ̀ náà ni gíga. Oscar méjì ló ń gbé inú ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á ti máa tó ínṣì mẹ́fà. Wọ́n mọ̀ mí dáadáa o, tí mo bá ti wọlé báyìí wọ́n á sáré wá síwájú gíláàsì, wọ́n á máa ju ìrù, wọ́n á máa wojú mi bóyá mo mú oúnjẹ dání.

Àmọ́ táńkì yẹn ń ṣe mí bíi pé ó ṣófo, àwọn ọmọ náà sì ń yọ mí lẹ́nu pé àwọn fẹ́ rí ẹja púpọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀. Ẹni tó ń ta ẹja fún mi ní kí n ra neon tetra ogún, kí n fi angelfish mẹ́rin lé e, ó tún ní òun ní bichir kan, ẹja gígùn kan báyìí tó dà bí ejò tó ní lẹbẹ. Ó ní gbogbo wọn ló máa bára wọn gbé, pé tí mo bá ti ń bọ́ Oscar yó dáadáa kò ní wo ibi tí wọ́n wà. Aládùúgbò mi kan náà tún ní kí n kàn lọ mú àrọ̀ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń sin ín, pé kò wọ́n, kì í sì í tètè kú. Omi bohólù ni mò ń lò. Èwo ni kí n ṣe nínú gbogbo ẹ̀?

Bàbá Táńkì Adígbẹ̀:

Àbúrò mi, o ṣeun tó o kọ́kọ́ béèrè. Ọ̀rọ̀ pé kó o máa bọ́ ọ yó yẹn, má gbà á gbọ́ rárá. Oscar ò níí ṣe pẹ̀lú ebi, ohun tó bá ti wọ ẹnu ẹ̀ tó sì ń mira níwájú ẹ̀ ló máa gbé, bó tilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán. Ẹnu yẹn kọ́ lo rí báyìí o, tó o bá jókòó tì í nígbà tó bá fẹ́ gbé ekòló wàá rí i pé àgbọ̀n ẹ̀ á ta síwájú, ẹnu á ṣí roboto, omi àti ekòló á jọ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, kí o tó ṣẹ́jú ó ti pa á dé. Bó ṣe máa gbé neon tetra nìyẹn. Neon ò ju ínṣì kan àti díẹ̀ lọ tó bá dàgbà tán, ogún tó ní kó o rà yẹn oúnjẹ ni, àfi tó o bá fẹ́ fi owó ẹ bọ́ Oscar.

Tó o bá fẹ́ mọ ẹja tí Oscar lè gbé mì, gígùn nìkan kọ́ ni kó o wò, wo bí ara ẹ̀ ṣe ga tó láti ẹ̀yìn dé ikùn àti bó ṣe sanra tó. Ẹja tó gùn àmọ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn máa ń wọ ẹnu wẹ́rẹ́. Ẹja tó kúrú tí ara ẹ̀ wá fẹ̀ bí àwo kì í wọlé. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú àwa tá a ti ń ṣe é tipẹ́ fẹ́ràn ẹja tí wọ́n ń pè ní silver dollar, ara ẹ̀ pẹlẹbẹ ó sì fẹ̀ roboto, á tó ínṣì mẹ́fà tó bá dàgbà, ó yára, ewé àti pẹ́lẹ́ẹ̀tì, ìyẹn oúnjẹ ẹja oníkóró, ló ń jẹ, kò wá ìjà ẹnikẹ́ni. Ọ̀dọ̀ àwọn Oscar náà ló ti wá, Gúúsù Amẹ́ríkà, torí náà omi kan náà ló bá wọn lára mu. Àmọ́ o ò gbọdọ̀ ra ẹyọ kan tàbí méjì, ó kéré tán márùn-ún tàbí mẹ́fà, torí wọ́n máa ń rìn pọ̀ ni, ẹyọ kan á kàn máa gbọ̀n ní kọ̀rọ̀ títí á fi kú. Má sì ra àwọn tó ṣì kéré bíi kọ́bọ̀, kí wọ́n ti tó ínṣì mẹ́rin kí wọ́n tó bá Oscar tìẹ yẹn pàdé.

Angelfish náà lẹ́wà lóòótọ́ ṣùgbọ́n lẹbẹ ẹ̀ gùn jù, kì í sì í yára. Tó bá kéré wọ́n á gbé e mì, tó bá tóbi wọ́n á máa já lẹbẹ ẹ̀ jẹ díẹ̀díẹ̀ títí ibẹ̀ á fi jẹrà. Fi sílẹ̀.

Bichir yẹn gan-an ni mo fọwọ́ sí nínú gbogbo ohun tí ẹni yẹn dárúkọ, tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní senegalus ni. Ẹja ilẹ̀ wa ni, ó wà nínú odò Ọya. Kò bìkítà fún Oscar, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ni tiẹ̀, ìpẹ́ ara ẹ̀ le bí ìhámọ́ra, Oscar tó bá gbá a lẹ́nu kò ní rí nǹkan kan mú. Ohun méjì ni kó o mọ̀. Àkọ́kọ́, ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa, imú ló fi ń wá oúnjẹ, nítorí náà kí ó tó gbóòórùn oúnjẹ àwọn Oscar á ti jẹ ẹ́ tán. Tó o bá ti pa iná pálọ̀ lálẹ́ tán ni kó o ju edé tàbí ẹja tó o gé wẹ́wẹ́ sí i nísàlẹ̀. Ìkejì, ó ń gòkè wá mí afẹ́fẹ́, tó o bá dé táńkì pa mọ́ omi, bichir á kú, tó o bá sì fi ihò sílẹ̀ lókè á jáde, ilẹ̀ ni wàá ti bá a láàárọ̀. Fi àlàfo bí ìka mẹ́rin sílẹ̀ láàárín omi àti ìdérí, kí ìdérí yẹn sì ṣe rékí.

Ìyá Ìbejì Aṣerò:

Ẹ káàárọ̀ sà, gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ lórí ẹnu àti ara ẹja yẹn mo gbà á. Àmọ́ mi ò gbà pé kó fi ẹja kankan kún táńkì yẹn báyìí o, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ẹ̀: táńkì ẹsẹ̀ mẹ́rin yẹn, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 120 ní 45 ní 45, tẹ́ ẹ bá kún un dé ẹnu kò ju lítà 243 lọ, tẹ́ ẹ bá wá yọ òkúta àti àlàfo òkè kúrò á wálẹ̀ sí bíi 200. Oscar kan ṣoṣo tó bá ti dàgbà, tó ti di ẹsẹ̀ bàtà kan gbáko, tó ń jẹun tó sì ń yàgbẹ́ bí ẹran, àwọn tó mọṣẹ́ ní bíi lítà 280 ló yẹ kó fi ṣe ilé. Méjì nìyẹn lọ́wọ́ yín. Bẹ́ ẹ bá rí i tó ṣófo lónìí ẹ dúró títí di ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá ti tó ínṣì mẹ́wàá, Oscar máa ń yára dàgbà lọ́dún àkọ́kọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní ìjà tàbí ẹ̀mí burúkú nínú ẹja ajẹja, àyè tí kò tó ni ìdí ẹ̀ nígbà púpọ̀. Wọ́n á gbá ẹnu mọ́ra wọn lẹ́nu, wọ́n á máa fa ara wọn, èyí tí kò lágbára á sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ fíltà lókè, ara ẹ̀ á dúdú, lẹbẹ ẹ̀ á ya. Níbo ló fẹ́ sá lọ nínú ẹsẹ̀ mẹ́rin? Amóníà, ìyẹn májèlé tó ń jáde látara wọn ńkọ́? Fíltà tó gbé ẹja méjì kò ní gbé mẹ́jọ, omi á sì máa wo bíi pé ó mọ́ o, ojú ò lè rí amóníà. Ẹ ra bichir kan péré tí ọwọ́ yín bá ń yún yín, silver dollar ẹ jẹ́ kó dìgbà tí táńkì bá tóbi.

Alárọ̀ Ọ̀dẹ̀dá:

Àrọ̀ ni mò ń sìn, ohun tó sì mú mi dá sí i nìyẹn. Ẹni tó ní kí wọ́n lọ kó àrọ̀ wẹ́wẹ́ sínú gíláàsì kò mọ irú ẹja tó jẹ́. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá ní pọ́ńdì, a kì í fi àwọn ọmọ àrọ̀ sílẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ láìṣà wọ́n, torí àwọn tá à ń pè ní ṣútà. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ bí wọn, oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa rí i tí ọ̀kan ti ga ju ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì, ó ti ń gbé àbúrò ẹ̀ mì láti orí, ìrù èkejì á ṣì máa yọ lẹ́nu ẹ̀. Tí wọ́n bá ń ṣe báyìí sí ọmọ ìyá wọn, kí ni wọ́n máa ṣe fún Oscar tó bá sùn lálẹ́? Òru ni àrọ̀ ń ṣọdẹ, Oscar sì máa ń sùn lóru, á kàn dùbúlẹ̀ sílẹ̀ ni.

Bí ẹ bá tún kó àwọn wẹ́wẹ́ sí i báyìí, Oscar ló máa kọ́kọ́ gbé wọn mì, ìyẹn náà ò dára. Àrọ̀ ní ẹ̀gún kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, ọ̀tún àti òsì, tí ìdààmú bá bá a á nà wọ́n síta, á sì le pa. Oscar tó bá gbé e dé ọ̀nà ọ̀fun kò ní lè gbé e mì, kò sì ní lè pọ̀ ọ́, àwọn méjèèjì á jọ kú síbẹ̀ ni. Kí ẹ tó wí, oṣù mẹ́fà péré lèyí tó bá yè máa fi tó kílò kan tó bá ń rí oúnjẹ jẹ. Ẹ fi àrọ̀ sílẹ̀ fún ọbẹ̀.

Kí n tún fi èyí kún un, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ta òjíjí fún yín pé ó lẹ́wà, ẹ sọ pé rárá. Ẹja yẹn lè ju iná tó tó 350 fólítì (volt), òun nìkan ló ń dá gbé. Tìlápíà náà, tó bá ti fẹ́ yé ẹyin á gba ìdajì táńkì ní tiẹ̀, á sì máa lé gbogbo ayé.

Ọmọ Ọbáńtokò:

Ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́. Mo ti pa neon, angelfish àti àrọ̀ rẹ́. Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, mo ti ń bá agígíláàsì kan sọ̀rọ̀, ó lè bá mi ṣe ẹsẹ̀ mẹ́fà ní méjì ní méjì. Tí mo bá ṣe é tán ṣé mo lè kó bichir kan àti silver dollar mẹ́fà sí i? Àjà kejì là ń gbé o, mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn kàn án. Báwo ni kí n sì ṣe kó wọn wọlé tí wọn ò ní dojú ìjà kọ ara wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́?

Ìyá Ìbejì Aṣerò:

Ó kàn án gan-an ni! Ẹsẹ̀ mẹ́fà ní méjì ní méjì, omi ẹ̀ á sún mọ́ lítà 650, lítà omi kan sì ni kílò kan, ẹ ò tíì wá ka gíláàsì, òkúta àti tábìlì onírin tó máa gbé e. Ó wúwo ju èèyàn mẹ́wàá tó dúró pọ̀ sójú kan lọ. Ẹ má gbé e sí àárín pálọ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ pe bírìkìlà tó mọ ibi tí bíìmù gbà kọjá kó wá wò ó, ẹ sì gba àṣẹ lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù. Tí àyè bá wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e sí. Kí gíláàsì ẹ̀ jẹ́ mìlímítà 12, ẹ má jẹ́ kó fi èyí tó fẹ́lẹ́ ṣe é nítorí owó.

Bàbá Táńkì Adígbẹ̀:

Ìyá Ìbejì ti sọ òótọ́, mo sì fara mọ́ ọn pé kó dúró de táńkì ńlá kó tó ra silver dollar. Nínú ẹsẹ̀ mẹ́fà yẹn, Oscar méjì, bichir kan, silver dollar mẹ́fà, ó tó, má fi nǹkan kan kún un mọ́.

Tó o bá ra wọn dé, má kó wọn sínú táńkì lọ́jọ́ náà. Wá bàsíà ńlá tàbí dúrọ́ọ̀mù tó mọ́, fi fíltà kékeré sí i, dé e rékí nítorí bichir, jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kó o máa wo ara wọn. Bó o bá rí àwọn funfun tótòtó bí iyọ̀ lára wọn, àìsàn nìyẹn, ó sì ń ràn. Ìdí yìí kan náà ni mo fi ń pariwo pé kí èèyàn má máa ju goldfish láàyè fún Oscar jẹ, àìsàn ni wọ́n fi ń kó, nǹkan kan sì wà nínú ara goldfish tó ń ba fítámì B1 jẹ́, Oscar tó ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ á rù. Pẹ́lẹ́ẹ̀tì, edé, ekòló tó o wú níbi tí wọn ò fọ́n oògùn sí, ó tó o.

Lọ́jọ́ tó o máa kó wọn wọlé, bọ́ àwọn Oscar kọ́kọ́, kó o wá kó gbogbo òkúta àti igi inú táńkì, tún wọn tò síbòmíì. Ilẹ̀ tí Oscar ti ń pè ní tiẹ̀ nìyẹn, tó bá ti yí padà òun náà á dà bí àlejò. Pa iná, kó àwọn tuntun sí i lálẹ́. Tó o bá rí i pé wọ́n ń lé ọ̀kan ṣáá, fi ike tó ní ihò dá táńkì sí méjì fún ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n máa ríra wọn láìkanra. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, yọ bí ìdá kan nínú mẹ́ta omi dànù kó o fi tuntun sí i, omi bohólù ẹ yẹn dára torí kò ní chlorine, oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi ẹ̀rọ, àmọ́ gbé e sínú dúrọ́ọ̀mù di ọjọ́ kejì kó o tó lò ó.

Ra páǹpù atẹ́gùn oníbátìrì pẹ̀lú o. Tí wọ́n bá mú iná lọ ní òru tí ooru mú, bichir á gòkè lọ mí, àmọ́ Oscar àti silver dollar ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.