Àpọndè ni, kì í ṣe àṣísílẹ̀

Ẹ̀yin ará,

Mo ka "àṣísílẹ̀" ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa dá lánàá, fún bí búráúsà (irinṣẹ́ tí a fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì) ṣe ń gbé ojú ewé tí a kò tíì tẹ̀ wá pamọ́. Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé ẹ ti ń túmọ̀ èdè kí wọ́n tó bí àwọn kan nínú wa, ṣùgbọ́n mi ò lè gba èyí. Ohun tó bá ṣí sílẹ̀, gbogbo ojú ló ń rí i. Ojú ewé tí à ń wí yìí sá pamọ́ ni, ìka wa ló ń dúró dè.

"Sílẹ̀" yẹn ló tàn yín jẹ. Nínú "tọ́jú sílẹ̀", ìpèsè ni. Ẹ so ó mọ́ "ṣí", ó di ìta gbangba. "Dè" ni mo fẹ́, olóhùn ìsàlẹ̀: "mo ti pọn omi dè ọ́." Àpọndè. Ẹni tó kọ ọ́ ní "àpọndé", ẹ jọ̀ọ́, "dé" ni ti àlejò tó wọlé. Kò sì bá àpọ́n tan rárá, ohùn àárín ni "pọn". Bàbá mi kì í jẹ́ kí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kọjá. Á ní ká tún un pè títí ẹnu wa á fi tọ́.

Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ká tó sọ ọ́ lórúkọ. Nínú búráúsà Firefox, bí ẹ bá kàn gbé máòsì sórí líǹkì, tí ẹ ò tẹ̀ ẹ́, búráúsà lè ti lọ kan ilẹ̀kùn sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú ojú ewé náà. Sáfà náà ti rí àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì yín, ẹ ò sì débẹ̀. Ìyẹn ló bí mi nínú tí mo fi wọ about:config, ojú ewé ètò inú Firefox, tí mo sọ network.http.speculative-parallel-limit di 0, tí mo sì sọ network.prefetch-next di false. Ti àkọ́kọ́ kò jẹ́ kó lọ kanlẹ̀kùn. Ti èkejì kò jẹ́ kó gbé ohun tí olójú ewé bá ní kó gbé dè wá. Nǹkan méjì nìyẹn, kò sí èyí tó ṣí nínú wọn!

Mo gbà pé Chrome, búráúsà mìíràn, máa ń ṣí odindi ojú ewé lábẹ́lẹ̀ nígbà mìíràn. Níbẹ̀, "ṣí" yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Preload pages, lábẹ́ Performance nínú ètò Chrome, ni ẹ ó pa.

Bẹ́ẹ̀ ni, pa. Àǹtí tó ní "pa" le jù, tó fẹ́ ká máa sọ "ìmáṣiṣẹ́mọ́", ṣebí ẹ̀yin náà ń paná lálaalẹ́?

Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá rí gbólóhùn kan ṣoṣo tí "ṣí sílẹ̀" ti jẹ́ ohun tó fara pamọ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́. Màá gbà.