"Ìṣàkóso ìjà" kò bá a mu: ẹ jẹ́ ká wá ọ̀rọ̀ mìíràn

Okun o, gbogbo ilé.

Ọ̀rọ̀ tí àbúrò wa láti Ìsánlú gbé kalẹ̀ ni mo fẹ́ dá sí. Ó ní iṣẹ́ tí àwọn àjọ àgbáyé ń ṣe láwọn orílẹ̀-èdè tí ìjọba wọn kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, èyí tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "conflict management", kí á máa pè é ní "ìṣàkóso ìjà". Kí á sì máa pe "peacebuilding", ìyẹn iṣẹ́ tó ń tẹ̀ lé ogun kí àlàáfíà lè dúró, ní "ìkọ́ àlàáfíà". Ẹ̀gbọ́n wa láti Mọ̀pà fèsì pé kí la tún ń wá kiri, ṣebí "ìpẹ̀tùsááwọ̀" ti wà nílẹ̀, ó sì gba méjèèjì. Ẹ má bínú, n kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú wọn.

Èmi náà ti lo "ìṣàkóso ìjà" rí. Wọ́n ní kí n túmọ̀ ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan fún àwọn àgbà níbi ìpàdé kan ní Ìjùmú, lórí aáwọ̀ àgbẹ̀ àti darandaran. Mo kà á dé "àwọn tó ń ṣàkóso ìjà". Ìyá àgbà kan tó jókòó níwájú, tó ń bó ẹ̀gúsí sínú igbá, dáwọ́ dúró. Ó ní, "Àwọn tó ń ṣàkóso ìjà? Ẹ ti wá mọ̀ wọ́n? Kí ló dé tí ẹ ò mú wọn?" Gbogbo ilé dákẹ́, wọ́n ń wò mí. Ìyá yẹn gbọ́ èdè rẹ̀ ní àgbọ́yé. Èmi ni mo sọ ohun tí kò sí lọ́kàn mi.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ẹni tó ń ṣàkóso ọjà fẹ́ kí ọjà náà kún. Ẹni tó ń ṣàkóso ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ kó gbèrú. Tí a bá wá ní ẹnì kan ń ṣàkóso ìjà, balógun la pè é yẹn, kì í ṣe onílàjà.

Ohun tí mo mú wá ni "ìkójàníjàánu". A ti ní "ìkóra-ẹni-níjàánu" tipẹ́, kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ. Ìjánu kì í pa ẹṣin. Ẹṣin ṣì wà láàyè, agbára rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, àmọ́ kò lè sáré gba ibi tó bá wù ú mọ́. Ohun tí iṣẹ́ yẹn sì jẹ́ gan-an nìyẹn: ìjà kò tíì parí, wọ́n ń dì í mú kó má baà tàn kálẹ̀ ni. Àwa ará ìhà ìwọ̀-oòrùn Kogí kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ẹṣin ogun fún wa. Àwọn baba ńlá wa sá gun orí òkè nítorí ẹlẹ́ṣin Tápà, ìyà yẹn kò sì tán títí àwọn Òyìnbó fi ṣẹ́gun Bídà, olú-ìlú Tápà, ní 1897.

Ẹ fi Làìbéríà dán an wò. Ogun bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní ìparí 1989. Ní oṣù kẹjọ 1990, ECOMOG, ọmọ ogun àpapọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, wọ Monrovia, olú-ìlú Làìbéríà, ọmọ Nàìjíríà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n kó ìjà náà níjàánu, wọn kò parí rẹ̀. Wọ́n dìbò ní 1997, Charles Taylor, olórí ọlọ̀tẹ̀ tó dá ogun náà sílẹ̀, wọlé gẹ́gẹ́ bí ààrẹ. Kò pé ọdún méjì tí ìjánu fi já, ogun tún dé. Oṣù kẹjọ 2003 ni wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn ní Accra. Tí a bá pe iṣẹ́ 1990 ní "ìpẹ̀tùsááwọ̀", bí ẹ̀gbọ́n wa ṣe wí, irọ́ la pa fún ẹni tó ń kà á, torí ẹni tí a bá pẹ̀tù sí ìbínú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ti rọ̀. Ọkàn ta ló rọ̀ ní Monrovia lọ́dún yẹn?

Lẹ́yìn Accra ni iṣẹ́ kejì, "peacebuilding", wá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gba ohun ìjà lọ́wọ́ èèyàn tó lé ní 100,000, wọ́n tún ọlọ́pàá àti ilé ẹjọ́ tò, ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kò sì kúrò pátápátá títí di 2018. Boutros Boutros-Ghali, akọ̀wé àgbà àjọ náà ní 1992, ti ya iṣẹ́ wọ̀nyí sọ́tọ̀ sára wọn láti ọdún náà: dídènà ìjà, lílàjà, ṣíṣọ́ àlàáfíà, àti èyí tó ń tẹ̀ lé ogun. Kò yẹ kí Yorùbá da gbogbo rẹ̀ pọ̀.

"Ìkọ́ àlàáfíà" ńkọ́? "Kọ́" ni ìṣòro ibẹ̀. A ń kọ́lé, a ń kọ́ ọmọ, a ń kọ́ṣẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ "ìkọ́ àlàáfíà" lórí rédíò á rò pé kíláàsì ni wọ́n ń lọ. Mo ro "mọ" wò, bí a ṣe ń mọ ilé alámọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá baba yín po amọ̀ rí mọ̀ pé ìpele kan la ń mọ, a ó fi sílẹ̀ kó gbẹ kí á tó gbé òmíràn lé e. Ẹni tó bá kánjú, ògiri á wó lé e lọ́wọ́. Ó dùn mọ́ mi púpọ̀, torí bí àlàáfíà ṣe ń dìde lẹ́yìn ogun nìyẹn. Àmọ́ ìwé ìròyìn kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀, "ìmọ̀ àlàáfíà" ni wọ́n á máa kà. Nítorí náà, "ìfìdí-àlàáfíà-múlẹ̀" ni mo fara mọ́. Àwọn èèyàn ti ń sọ ọ́ lójoojúmọ́.

Ẹnì kan ní kí á pa "àlàáfíà" tì torí pé ọ̀dọ̀ Hausa àti Lárúbáwá ló ti wá. Rárá o. Ara líle ni ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ látilẹ̀, òun náà la sì fi ń kí ara wa láàárọ̀: ṣé àlàáfíà ni? Ìlú tí ogun jà nílò ìtumọ̀ méjèèjì.

Ẹ̀yin tí ẹ ní "ìkójàníjàánu" ti gùn jù, a ń sọ "ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò" láìdúró mí.

Ó ku ọ̀kan tí mi ò rí ojútùú rẹ̀: ẹni tó dúró sí àárín ìdílé méjì tó ń jà, tí kò ṣe ti ẹnikẹ́ni, àmọ́ tí kò tíì rí wọn là. Kò tíì di onílàjà. Ẹ̀yin ará Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, kí lẹ ń pè é lọ́dọ̀ yín? Mo ti fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé tí mo ń túmọ̀.