Alágbàtà ìmọ̀ kọ́, alárinà ni

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o.

Lórí àtòjọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí à ń ṣe, ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Ìbàdàn dá a lábàá pé "alágbàtà ìmọ̀" ni ká máa pe ẹni tó ń so àwọn olùwádìí yunifásítì pọ̀ mọ́ àwọn tó ń ṣe ìlànà ìjọba. Ẹlòmíràn ní "agbódegbà ìmọ̀" ló dùn létí jù. Èmi ò fara mọ́ ọ̀kankan. Ẹ jẹ́ kí n wí tẹnu mi láti Òṣogbo níbí.

Alágbàtà a ra ọjà lọ́wọ́ àgbẹ̀, a fowó lé e, a tà á. Bí àgbẹ̀ àti olùrà bá lọ pàdé ara wọn, òwò alágbàtà bà jẹ́ nìyẹn. Iṣẹ́ ẹni tí à ń wá orúkọ fún yìí sì ni pé kí wọ́n pàdé gan-an. Ti agbódegbà tún burú: létí ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹni tó ń bá olè gba ẹrù ni. Ta ni yóò kọ ìyẹn sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀?

"Alárinà" ni mo fọwọ́ sí. Ó mọ ilé méjèèjì, ó mọ ẹni tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ kí, ó sì mọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kéèyàn fi ṣáájú. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á sọ pé bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà á yẹ̀bá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ìgbà wo ni wọ́n ń mojú ara wọn tán? Ìdìbò dé, kọmíṣọ́nnà tuntun gorí àga; akọ̀wé àgbà tó ti lóye ọ̀rọ̀, wọ́n gbé e lọ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn. Alárinà tiwa ò ní ráyè yẹ̀bá.

Èyí tó ká mi lára jù ni bí àwọn kan ṣe ń lo "aṣòfin" fún àwọn tó ń ṣe ìlànà. Aṣòfin wà ní Ilé Ìgbìmọ̀. Ìlànà ni kọmíṣọ́nnà, akọ̀wé àgbà àti àwọn dáríkítọ̀ ń ṣe ní sẹkitéríàtì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun l'Ábẹ́rẹ́, òfin sì lè wà nílẹ̀ pẹ́ títí láìsí ìlànà tí wọ́n ó fi lò ó. Ẹ wo odò Ọ̀ṣun tiwa yìí. Omi tó ń gba inú igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kọ mọ́ ogún àgbáyé lọ́dún 2005 ti pọ́n kalẹ̀, wíwa góòlù lókè odò lágbègbè Ìjẹ̀ṣà sì wà lára ohun tó fà á. Ká ní olùwádìí kan yẹ omi náà wò, ó sì rí òjé nínú rẹ̀. Ilẹ̀kùn ta ni yóò kàn? Bó bá gba Abẹ́rẹ́ lọ, wọ́n lè kìlọ̀ fáráàlú pé kí wọ́n má mu ún, wọ́n sì lè bójú tó ìlera. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ ìwakùsà, Àbújá ló ń fún ni, nítorí ìjọba àpapọ̀ ló ni ọ̀rọ̀ ohun àlùmọ́ọ́nì. Igbó fúnra rẹ̀, àjọ àpapọ̀ tó ń rí sí mùsíọ́ọ̀mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lọ́wọ́ níbẹ̀, Àtáọ́ja, ọba Òṣogbo, náà sì ní tiẹ̀. Ẹni tó bá ń wá aṣòfin nìkan á kàn máa rìn ká ni. Nítorí náà, "aṣèlànà" lèmi dìbò fún.

"Olùwádìí" pàápàá ní àléébù. Lórí rédíò, ọlọ́pàá ló sábà máa ń ṣèwádìí. Ẹ sọ fún akọ̀wé ọ́fíìsì kan pé olùwádìí wà lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ wò ó bóyá ọ̀gá ò ní ti lọ sípàdé! "Olùwádìí ìjìnlẹ̀" á dín ìbẹ̀rù kù díẹ̀.

Ẹnìkan béèrè bóyá irú ìsopọ̀ yìí ti wáyé rí nítòsí wa. Ó ti wáyé. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan fún ọdún mẹ́fà gbáko. Nígbà tó di 1990, òun fúnra rẹ̀ di mínísítà ètò ẹ̀kọ́. Olùwádìí di aṣèlànà, kò tiẹ̀ wá alárinà. Ṣùgbọ́n irú ìyẹn ṣọ̀wọ́n. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà fífi èdè abínibí kọ́ ọmọ nílé-ìwé ní 2022, ó di 2025, mínísítà mìíràn fagi lé e. Ẹ ṣì ní kí alárinà yẹ̀bá?

Ó ku ìwé olójú-ewé méjì tí alárinà máa ń kọ jáde láti inú ìwádìí tó nípọn, kó lè tẹ aṣèlànà lọ́wọ́ kí wọ́n tó parí àbá ìṣúná. "Àbọ̀ ṣókí" ni mo pè é, torí àbọ̀ là ń jẹ́ fẹ́ni tó rán ni níṣẹ́, àbọ̀ ọ̀rọ̀ náà là sì ń sọ fọ́mọlúàbí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ó dà bí iṣẹ́ tí wọn ò ṣe tán. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù ú lọ, kó mú un wá kí n tó fi í sínú àtòjọ wa.