Àyẹ̀wò mẹ́ta, èsì mẹ́ta: èwo ni ká gbà gbọ́ lórí ṣúgà bàbá mi?

Ọmọ Bàbá
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ṣúgà bàbá mi ti dà mí lórí rú. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí wọ́n tó fi nǹkan kan kanu, mo fi ẹ̀rọ kékeré tó wà nílé gún wọn níka, ó gbé 138 mg/dL jáde. Aago méje la dé láàbù, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lápá wọn. Èsì tí wọ́n fún wa: ṣúgà ààwẹ̀ 112, HbA1c (àyẹ̀wò tó ń wo bí ṣúgà ṣe rí láti oṣù bíi mélòó kan) 6.8%. Bàbá ní 112 làwọn gbà, ẹ̀rọ tèmi ló ń purọ́. Àbúrò mi ní 6.8 yẹn, àtọ̀gbẹ ti dé. Òùngbẹ kò gbẹ wọ́n o, wọn kì í sì í dìde tọ̀ lóru ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ta ló jàre?

Ìyá Ìbejì
Ẹ lọ wo ibi tí wọ́n tọ̀ sí. Bí èèrà bá ṣù bò ó, ẹ ti mọ̀. Bí ẹ ò bá rí èèrà, ẹ fọkàn balẹ̀.

Oníláàbù
Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú, èèrà kì í tètè dé. Kíndìnrín máa ń gba ṣúgà padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ó di ìgbà tí ṣúgà bá tó bíi 180 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dà sínú ìtọ̀. Bẹ́ẹ̀, láti 126 la ti ń pè é ní àtọ̀gbẹ lára ẹni tí kò jẹun fún ó kéré tán wákàtí mẹ́jọ. Ẹni tó bá ń retí èèrà, ó ti pẹ́ jù.

Ọmọ Bàbá, kí n tó sọ̀rọ̀: àwọ̀ wo ni ìdérí ìgò tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí? Ìgbà wo ni wọ́n sì gbé e sórí ẹ̀rọ?

Ọmọ Bàbá
Ẹ ṣé, sà. Ìgò méjì ni, ọ̀kan pupa, èkejì àwọ̀ àlùkò. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ kò tíì dé, orí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé ni wọ́n to ìgò sí. Aago mọ́kànlá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù kí wọ́n tó gbé e wọlé.

Oníláàbù
Ibẹ̀ gan-an ni mo ń lọ. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà kò kú o. Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ṣì ń jẹ ṣúgà nínú ìgò bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ lára èèyàn. Bí wọn ò bá tètè fi ẹ̀rọ yí i kí omi ẹ̀jẹ̀ yà kúrò lára sẹ́ẹ̀lì, bíi 5% sí 7% ni ṣúgà ń dín ní wákàtí kan. Bó bá jẹ́ 138 ló wọ ìgò, tó ń fi 5% dín lọ, mélòó ló kù lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin? 112.

Mi ò búra pé bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rọ àfìka náà lè fi 15% lé tàbí kó fi dín, èyí tó dáa nínú wọn ni mo sì ń sọ. Bí omi èso bá ṣẹ́ kù sí ìka, wàhálà dé. Ìdí nìyẹn tá ò fi ń fi í pe èèyàn ní alátọ̀gbẹ.

Ìgò tó ní ìdérí aláwọ̀ eérú ló yẹ, torí kẹ́míkà fluoride inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì jẹ ṣúgà tán. Òun náà kì í dá wọn dúró lójú ẹsẹ̀, ó lè gbà tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà kí wọ́n tètè yí i. Èmi máa ń fi bírò kọ aago tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sára ìgò. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi máa ń fi mí rẹ́rìn-ín.

HbA1c ò ní wàhálà wákàtí. Sẹ́ẹ̀lì pupa ń gbé bí 120 ọjọ́, ṣúgà ń lẹ̀ mọ́ hemoglobin rẹ̀ (èròjà tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pupa) díẹ̀díẹ̀, ìtàn oṣù méjì sí mẹ́ta ló ń sọ. 6.5% ni ààlà. Àmọ́ kí ni genotype bàbá? Bó bá jẹ́ AS tàbí AC, àwọn ẹ̀rọ kan máa ń ṣì í kà. Àìtó áyẹ́ọ̀n (iron) nínú ara lè gbé e sókè, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fà síni lára lè fà á wálẹ̀.

Níwọ̀n ìgbà tí ara ò ṣe wọ́n, èsì kan ṣoṣo ò tó. Èyí tó kọjá ààlà ni kí ẹ tún ṣe, ìyẹn HbA1c, kí ẹ sì tún ti ààwẹ̀ ṣe, nínú ìgò eérú.

Ọmọ Bàbá
Ọ̀sẹ̀ méjì rèé, sà. AA ni wọ́n, áyẹ́ọ̀n wọn pé. HbA1c 6.7%, ṣúgà ààwẹ̀ 131, ojú mi ló ṣe tí wọ́n yí ìgò náà kó tó pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Dókítà ní àtọ̀gbẹ ni, wọ́n ti fún wọn lóògùn. Bàbá ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ọmọkùnrin tó mú abẹ́rẹ́ wá nìkan ni wọ́n dá dúró, wọ́n ká ọwọ́ mọ́ àyà: “Ìgò eérú dà?”