Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: dókítà ní kí n máa dúpẹ́ pé mo sanra

Àbẹ̀kẹ́_Bódìjà:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Oṣù kẹsàn-án rèé tí mo ti ń lo olanzapine, oògùn àìsàn ọpọlọ. Mi ò ní parọ́, ara mi ti balẹ̀, ohùn tí mo ń gbọ́ ti dákẹ́, mo sì ń sùn. Àmọ́ kílò 61 ni mo wọ̀n nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ó ti di 83. Mo lè jẹ àmàlà tán kí n tún dìde lóru lọ wá búrẹ́dì. Mo sọ fún dókítà, kò tiẹ̀ gbójú kúrò nínú fáìlì. Ó ní, "Nígbà tí wọ́n gbé ọ wá, egungun lásán ni ọ́. Ṣe ló yẹ kí o máa dúpẹ́." Ìyá mi tó jókòó tì mí ní àmín. Ta lẹ mọ̀ n'Ìbàdàn tó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí? Àbí báwo ni kí n ṣe sọ ọ́?

Ọmọ_Òkè_Àdó:
Àmín kẹ̀! Ẹ̀rín pa mí, má bínú. Nígbà tí èmi yọ ikùn, gbogbo àdúgbò ń kí mi pé owó ti dé. Mi ò ní dárúkọ dókítà kankan, torí ẹni tó gbọ́ tèmi lè má gbọ́ tìẹ. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ń wọn ara mi ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé kí n tó jẹun, mo sì ń fi téèpù télọ̀ wọn ikùn mi lọ́gangan ìdodo. Ẹ̀yìn kálẹ́ńdà ni mo ń kọ ọ́ sí. Ọjọ́ tí mo gbé kálẹ́ńdà yẹn ka orí tábìlì, dókítà bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀, ó ní kí n jókòó dáadáa.

Bàbá_Dáúdà:
Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ife kan láàárọ̀, kan lálẹ́. Inú á ṣí, ọ̀rá á yọ́.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà:
Bàbá Dáúdà, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ìgbẹ́ gbuuru kì í yọ ọ̀rá, omi ara ló ń gbé lọ. Tó bá wá jẹ́ lithium, oògùn àìsàn ọpọlọ mìíràn, lẹni náà ń lò ńkọ́? Tí omi bá gbẹ lára ẹ̀, tàbí tó ṣàdédé gé iyọ̀ jíjẹ, oògùn á kóra jọ sínú ẹ̀jẹ̀, á di májèlé.
Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, kì í ṣe ọ̀kánjúwà ló ń ṣe ẹ́. Olanzapine àti clozapine wà lára àwọn tó ń múni sanra jù, wọ́n ń ru ebi sókè ni. Ó yẹ kí wọ́n máa wọn ẹ́, kí wọ́n máa yẹ ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ẹ wò, pàápàá bí àtọ̀gbẹ bá wà nínú ẹbí yín. Bi dókítà ní ohun mẹ́ta: ṣé a lè yẹ ṣúgà mi wò? Ṣé metformin, oògùn àtọ̀gbẹ, lè bá mi dín sísanra yìí kù? Ṣé a lè pààrọ̀ oògùn yìí sí èyí tí kì í múni sanra tó báyìí, bí aripiprazole? Ó lè ní rárá, àmọ́ kó sọ ìdí ẹ̀ fún ẹ. Má dá oògùn dúró fúnra ẹ o.

Télọ̀_Mọ́kọ́lá:
Ẹ jẹ́ kí n gbè sẹ́yìn dókítà díẹ̀. Àbúrò mi dá tiẹ̀ dúró torí sòkòtò ò wọlé mọ́. Kò pé oṣù méjì, Ọ̀jọ́ọ̀ la ti lọ rí i, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀. Ohun tó ń ba dókítà lẹ́rù nìyẹn. Àmọ́ àbúrò mi ti sọ ẹjọ́ sòkòtò yẹn fún wọn lẹ́ẹ̀mẹta kó tó da oògùn nù, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Ọmọ_Òkè_Àdó:
Mo gbàgbé: oògùn yẹn máa ń mú ẹnu gbẹ, mínírà ni mo sì ń fi pa á. Omi tútù ni báyìí. Búrẹ́dì, má tiẹ̀ rà á sílé.

Àbẹ̀kẹ́_Bódìjà:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo wọn ara mi ní kẹ́mísìtì lónìí, ó ti di 84. Ọjọ́bọ̀ ni mo ń padà lọ. Mo ti kọ ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́yìn káàdì ọsibítù mi. Ìyá mi ní àwọn máa tẹ̀ lé mi. Mo ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe àmín.