Títú ojú ìwé palẹ̀: bí a ṣe ń fi ìwé kíkà kọ́ ara ẹni ní ìtàn kíkọ

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará. Àwa mẹ́ta la máa sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ ti inú ìwé kíkà kọ́ ìtàn kíkọ, kó má sáré ka ogún ìwé. Ojú ìwé méjì ti tó lákọ̀ọ́kọ́, látinú ìtàn àròsọ tó ti kà tán tó sì gbádùn. Kó kà á sókè lẹ́ẹ̀kan, kó wá mú pẹ́ńsù àti ìwé ìkọ̀wé. Fún gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kó kọ ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tó máa rán an létí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Kó pa ìwé dé. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, kó fi àwọn ọ̀rọ̀ yẹn tún ìtàn náà kọ lẹ́nu ara rẹ̀, lẹ́yìn náà ni kó ṣíwèé, kó fi méjèèjì wéra.

Benjamin Franklin, ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1706, sọ nínú ìtàn ìgbésí ayé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ pé báyìí lòun ṣe kọ́ ìwé kíkọ nígbà tóun ń kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ní Boston. Nígbà mìíràn, á da àwọn ọ̀rọ̀ ìránnilétí náà rú, á fi wọ́n sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á wá tò wọ́n padà. Ibẹ̀ ló ti kọ́ ètò.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ rèé. Ẹni tó bá tún un kọ lọ́jọ́ kan náà, ìwé yẹn ló ń kà lórí. Ẹni tó sì kọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá sílẹ̀ fún gbólóhùn kan ti da ìwé onítọ̀hún kọ. Bí ẹ bá ń fi wọ́n wéra, tiyín ló máa ń gùn jù, torí ẹ ti ń ṣàlàyé. Ẹ ó rí i pé ẹ kọ “inú bí i gan-an, inú rẹ̀ ò dùn rárá” síbi tí òǹkọ̀wé ti kọ “ó dìde, ó kó ẹrù rẹ̀.”

* * *

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ẹ̀dá ìtàn kún un, torí ibẹ̀ gan-an ni ìwé ìkọ́ni elédè Gẹ̀ẹ́sì kò lè kọ́ wa. Ẹ fi pẹ́ńsù yí gbogbo “o” àti “ẹ” tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ po. Bí ọmọkùnrin kan bá ti ń sọ “ẹ” fún àbúrò bàbá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tó wá sọ lójú ìwé kẹwàá pé “Kí lo wí?”, ìjà ti dé nìyẹn. Kò sídìí láti tún kọ ọ́ pé inú bí i.

Òwe náà ńkọ́? Ẹ wo ẹni tó ń pa á àti ẹni tó ń pa á fún. Ọmọdé tó bá pa òwe lójú àgbà láìsọ “tótó ó ṣe bí òwe” ti hùwà kan. Bó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ kó rí, ó dára. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, àṣìṣe ni.

Ẹ wo ìtàn àròsọ Sẹ̀gilọlá pẹ̀lú, tí Isaac Thomas ń tẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ní 1929 sí 1930. Lẹ́tà ló fi gbé e kalẹ̀, àwọn òǹkàwé kan sì gbà pé obìnrin náà wà láyé. Bí ohùn ẹ̀dá ìtàn yín bá kú, ẹ sọ ìran náà di lẹ́tà sí ẹnì kan pàtó, ìyá rẹ̀ tàbí ẹni tó jẹ ẹ́ lówó. Ohùn yóò yí padà kíá.

* * *

Òórùn ìtumọ̀ ni tèmi, ìyẹn Yorùbá tó ń dún bí ẹni túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. “Ó gbé àpótí náà, ó sì mú un lọ sí ọjà náà láti lè tà á.” Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ nílé? “Ó gbé àpótí lọ tà lọ́jà.” Tàbí “ó ní ìmọ̀lára ìbẹ̀rù”, níbi tó yẹ ká kọ “àyà rẹ̀ já”. Inú, àyà, ojú àti ara ni Yorùbá ń kó ìmọ̀lára sí. Ẹ ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ máa kọ èyí tẹ́ ẹ bá bá pàdé síbẹ̀, pẹ̀lú gbólóhùn tó gbé e wá lódindi. Ọ̀rọ̀ nìkan kì í sọ ibi tí wọ́n ti ń lò ó.

Ẹ ṣe bákan náà fún pupa fòò, funfun báláú, dúdú kirikiri. Olúkúlùkù ló ní ẹnìkejì rẹ̀. Ẹni tó bá kọ “funfun kirikiri” ti já òǹkàwé sílẹ̀.

Àmì ohùn: ẹ fi wọ́n sí i nígbà àtúnkọ, kí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ má bàa dàrú mọ́ra wọn. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ka iṣẹ́ náà sínú fóònù, kẹ́ ẹ tẹ́tí sí i lọ́jọ́ kejì. Níbi tí èémí bá ti tán kí gbólóhùn tó parí, ẹ gé e sí méjì.